Bí Ẹ Ó Ṣe Múra Ìrìnàjò Fọ́tò Lọ sí Àwọn Òkè Adó-Àwáyé, Ìgbẹ́tì àti Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ mú òkè kan ṣoṣo. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lọ ya òkè àti ẹranko igbó. Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìn sí Akẹ́sán. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà la máa ń yà ní òpin ọ̀sẹ̀, torí náà àárín ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rí àyè gba Òkè-Ògùn lọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lọ. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá pín ọjọ́ rẹ̀ sí Adó-Àwáyé lónìí, Ìgbẹ́tì lọ́la, Ọ̀yọ́-Ilé lọ́tùn-únla, inú ọkọ̀ ló máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aago mọ́kànlá ni yóò máa dé ẹsẹ̀ òkè. Nígbà yẹn oòrùn ti wọ orí, òjìji ti kúrú, àpáta ti funfun, ẹranko ti wọ ibòji. Ẹ wá ibì kan sùn nísàlẹ̀ òkè kan, ẹ gùn ún ní ìdájí, ẹ tún gùn ún ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ẹ rò pé ẹ ti wò tán ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yóò yọ sí yín ní àwọ̀ mìíràn ní ìdájí ọjọ́ kẹta.

Òkè wo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá ń gbé Ọ̀yọ́, tí ẹ kò sì tíì gbé ẹrù kámẹ́rà gun òkè rí, ẹ fi Adó-Àwáyé bẹ̀rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni ẹ ó gbà. Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí i, ó lé ní 300, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè gùn ún láìsí pé ó ń fọwọ́ wá ibi tí yóò dì mú. Lókè lọ́hùn-ún ni Ìyákè wà, adágún omi tó wà nínú àpáta, tí àwọn ará ìlú bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ẹ má fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má fọwọ́ bọ̀ ọ́, bí àlejò kankan bá tilẹ̀ sọ pé òun ti ṣe é rí. Òkúta ńlá kan tún wà lórí òkè yẹn tó jẹ́ pé ibi tín-ínrín ló fi kan àpáta tó gbé e dúró. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ yà á, nígbà tí oòrùn bá ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwòrán ilẹ̀ àti òkè ló pọ̀ ní Adó-Àwáyé. Ní ti ẹranko, alángbá, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ ni kí ẹ retí.

Bí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ ti ń bọ̀, Ìgbẹ́tì ló yá. Ẹ ó gba Ìkòyí-Ilé. Ìgbẹ́tì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àpáta ràbàtà ló yí ìlú ká, páànù tó ti dípẹtà ló kún ìsàlẹ̀, àti láàárọ̀ ọyẹ́, èéfín ìdáná àwọn ìyá máa ń gbéra láti agbo ilé kan dé èkejì títí yóò fi kan ìdí àpáta. Kò sí ibòmíràn lápá ọ̀dọ̀ wa tí èèyàn ti lè rí ilé, èèyàn àti òkè nínú àwòrán kan náà báyẹn láìjẹ́ pé ó wọ igbó.

Ọ̀yọ́-Ilé ńkọ́? Láti Ìgbẹ́tì náà lèèyàn ti ń wọ̀ ọ́. Olú-ìlú àwọn Aláàfin ni, kí ogun tó tú u ní nǹkan bí ọdún 1835. Odi rẹ̀ ti di ebè ilẹ̀ gbọọrọ tí igi hù lé lórí, àfọ́kù ìkòkò sì wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹ yà wọ́n níbi tí wọ́n wà, ẹ má ṣà wọ́n. Inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọgbà yìí fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ọdún 1991 ló di ọgbà orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìjọba ti ń dá apá kan igbó náà sí láti àwọn ọdún 1930. Ẹni tí ẹranko bá jẹ lógún ju òkè lọ, ìhà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lọ́nà Ṣakí, ni kó kọjú sí. Àgbọ̀nrín, ẹtu, ìmàdò, ìjímèrè àti ọ̀bọ wà nínú igbó yẹn, ẹfọ̀n náà wà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun máa rí.

Ìgbà tí ẹ bá lọ

Oṣù tí ẹ bá lọ ló máa pinnu irú àwòrán tí ẹ máa mú bọ̀, ju kámẹ́rà tó wà lọ́rùn yín lọ.

Fún òkè, mo fẹ́ràn òpin oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Bí ẹ bá dúró lórí àpáta, ẹ ó rí òkè tó wà lọ́nà jíjìn réré kedere, àwọsánmà funfun ṣì ń kọjá, òjìji rẹ̀ ń rìn lórí igbó nísàlẹ̀. Koríko ti ń pọ́n. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé koríko náà ga ju èèyàn lọ. Ẹtu lè dúró sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí yín, kí ẹ má mọ̀.

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń jà. Afẹ́fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn ló ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló máa ń pa kámẹ́rà wọn tì nígbà náà pé kò sí nǹkan tó hàn. Èmi kì í pa á tì. Lẹ́ńsì gígùn ni kí ẹ gbé, kí ẹ wá ibi tí òkè ti tò tẹ̀lé ara wọn. Èyí tó sún mọ́ yín á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á ní àwọ̀ eérú, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Eruku yẹn ló ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀. Ní oṣù kọkànlá tí ojú ọ̀run mọ́, gbogbo wọn ì bá lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìgbà ọyẹ́ wá ẹranko tó wà lọ́nà jíjìn. Eruku tó wà láàárín ẹ̀yin àti òun ni lẹ́ńsì yín máa yà.

Fún ẹranko, òpin oṣù kejì àti oṣù kẹta. Igbó ti jó, koríko ti lọ sílẹ̀, odò kéékèèké ti gbẹ, odò Ògùn fúnra rẹ̀ ti já sí kòtò omi káàkiri láwọn ibì kan. Ẹranko tí kò rí omi níbòmíràn gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ jókòó ti omi, kí ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ omi wá sọ́dọ̀ yín, kó má gbé òórùn yín lọ bá wọn. Ooru ìgbà náà kì í ṣe kékeré o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ga kó ronú sí i kó tó lọ.

Òjò àkọ́rọ̀, láti òpin oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, dára gan-an fún ẹni tó bá lè fara da pé ètò rẹ̀ lè yí padà lójijì. Koríko tútù á máa yọ lórí ilẹ̀ tí iná ti sọ di dúdú, àwọsánmà òjò á ṣú lẹ́yìn àpáta tí oòrùn ṣì ń tàn sí lójú, omi á dúró sínú kòtò orí àpáta, ojú ọ̀run á sì hàn nínú rẹ̀. Àárín ìgbà òjò fúnra rẹ̀, oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Ọ̀nà inú igbó á ti bàjẹ́, àpáta á sì máa yọ̀.

Ìmọ́lẹ̀

Ní oṣù kọkànlá, oòrùn máa ń yọ lápá ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí aago 6:40, ó sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:20 ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù kìíní, ó máa ń tó nǹkan bí aago méje kó tó yọ, nǹkan bí 6:40 ni yóò wọ̀. Àwọn tó ń kọ́ fọ́tò yíyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Yúróòpù máa ń sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ oníwúrà tó ń pẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ńṣe ló ń gòkè tààrà. Kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tó yọ, adùn ìmọ́lẹ̀ náà ti ń lọ. Torí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí, kámẹ́rà ti wà lórí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣókùnkùn díẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹ ó gun àpáta ní òkùnkùn, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí ẹ kò tíì fojú ọ̀sán rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ gùn ún láìgbé ẹrù púpọ̀. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ máa ń yọ̀, ibi tí igi wà tí èèyàn lè dì mú. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì inú fóònù, kí ẹ mọ ojú àpáta tó kọ sí ìlà oòrùn àti èyí tó kọ sí ìwọ̀ oòrùn: èyí àkọ́kọ́ ni ti àárọ̀, èkejì ni ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ to òkúta kéékèèké mẹ́ta jọ síbi tí ẹ fẹ́ gbé sítáǹdì kà. Lọ́jọ́ kejì, kò sí wàhálà àwárí mọ́. Tọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọdẹ ń dè mọ́rí ló dára jù láti fi gòkè, torí ọwọ́ méjèèjì á ṣófo.

Ilẹ̀kùn tí ẹ gbọ́dọ̀ kàn

Kò sí òkè tí kò ní onílé. Fún inú ọgbà ìjọba, ọ́fíìsì àgbà wọn wà ní Ìsokùn, níbí ní Ọ̀yọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà tó ṣí lásìkò yẹn, bóyá ọkọ̀ kékeré lè rìn ín, iye owó ìwọlé, owó kámẹ́rà bó bá wà, àti ẹ̀ṣọ́ tó máa bá yín rìn. Ẹ má wọlé láìsí ẹ̀ṣọ́. Kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ ààbò láìtijú, torí igbó ìsinsìnyí kì í ṣe igbó ayé àtijọ́. Bí wọ́n bá ní apá ibì kan kò dáa lásìkò yẹn, ẹ má bẹ̀ wọ́n, ẹ má wá ẹni tí yóò gba ẹ̀yìn mú yín wọlé. Adó-Àwáyé kò sá lọ, ẹ yà síbẹ̀.

Nínú ìlú, ààfin tàbí ilé baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹ kí wọn, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ wá ṣe, ẹ mú owó obì dání. Ẹ béèrè bóyá ọdún tàbí ètùtù kan ti sún mọ́ tí àlejò kò gbọ́dọ̀ gun òkè, ẹ sì béèrè ibi tí kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ kọjú sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi ẹni tó mọ ọ̀nà lé yín lọ́wọ́, gbogbo ìlú á sì mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ẹni tó wá wa kùsà nínú òkúta wọn. Ọ̀rọ̀ kùsà yẹn ṣe pàtàkì ní Ìgbẹ́tì níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta mábù. Ẹ má ya ibi iṣẹ́ wọn láìgba àṣẹ. Bákan náà ni ibi tí sójà tàbí ọlọ́pàá bá dúró sí lójú ọ̀nà: kí kámẹ́rà wà nínú àpò. Rìsíìtì tí ẹ fi ra kámẹ́rà, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání. Ẹni tó bá fẹ́ fò drone, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé kámẹ́rà, àṣẹ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò àti ti àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fi tèmi sílé.

Ẹni tó mọ ọ̀nà jù ni ọdẹ. Ẹ dúnàádúrà owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹranko tí ẹ bá yà kò gbọ́dọ̀ di ẹran ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò lè bá ọdẹ tí kò gba ìyẹn rìn. Bàbá ọdẹ tí mo máa ń bá lọ ní Ìgbẹ́tì gbà á, ohun tó sì kọ́ mi nípa wíwo ilẹ̀, kò sí kíláàsì tí mo ti lè rí i. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ìrì máa ń bo koríko ẹ̀gbẹ́ òkè, gbogbo rẹ̀ á máa dán fẹẹrẹ. Bàbá á dúró, á tẹ orí ba, á fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka: “Ọmọ mi, wò ó, ìrì ti gbọ̀n níbí.” Bí mo bá tẹ̀ ba bíi tiẹ̀, mo máa rí i: ìlà tóóró kan gba àárín koríko kọjá, ewé ibẹ̀ kò dán mọ́, ó ṣókùnkùn ju àwọn tó kù lọ. Ẹtu ló gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yẹn. Bí ìrì ti gbọ̀n tí ewé kò sì tíì gbẹ, kò tíì pẹ́ tó lọ. Ibi tí ìlà náà bá kọjú sí ni kí ẹ rọra kọjú lẹ́ńsì sí.

Ẹrù

Ẹrù tó wúwo á mú kí ẹ jókòó sí àárín òkè nígbà tí oòrùn bá ń yọ. Lẹ́ńsì kan tó fẹ̀ fún ilẹ̀, ọ̀kan tó gùn fún ẹranko, ó tó. Lẹ́ńsì 300mm ni mo ka sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹranko, ó sì máa ń dà bíi 450mm lórí àwọn kámẹ́rà tí ojú inú wọn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kéré. Ẹni tó jẹ́ fóònù nìkan ló ní, kó má dúró sílé: fóònù tó dára lè ya òkè dáadáa bí ẹ bá gbé e lé nǹkan tí kò mì. Ẹranko ọ̀nà jíjìn ni kò lè yà.

Sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dára fún òkè, ṣùgbọ́n fún ẹranko, mo fẹ́ràn àpò aṣọ kékeré kan tí mo rán fúnra mi, tí mo máa ń da ẹ̀wà sí, tí mo sì máa ń gbé lẹ́ńsì lé. Ó máa ń jókòó dáadáa lórí òkúta tàbí ojú fèrèsé ọkọ̀, kì í pariwo. Bátìrì, ẹ gbé ju èyí tí ẹ rò lọ, torí iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀. Ẹ cháájì gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ti eruku, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì ní gbangba nígbà ọyẹ́. Ẹ wọnú ọkọ̀, tàbí kí ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọ̀rá ńlá kan, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nu ojú lẹ́ńsì tí eruku wà lára rẹ̀, yóò ha á. Afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fẹ́ ẹ.

Aṣọ: àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ, apá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Àwọ̀ búlúù gbígbóná àti dúdú máa ń pe eṣinṣin tsetse, jíjẹ rẹ̀ sì ń dun èèyàn. Aṣọ tó bá jọ ti sójà, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, ì báà jẹ́ fìlà. Oúnjẹ kò le: gàrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà lójú ọ̀nà. Omi ni kí ẹ má fi ṣeré. Ẹ gbé e gòkè, kí ẹ sì gbé ọ̀rá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Níwájú ẹranko

Kí ẹ tó wá ẹtu, ẹ ya alángbá. Mi ò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Akọ alángbá tó wà lórí àpáta ni olùkọ́ tó dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí òkè tí ẹ ò ti ní rí i. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àpáta ṣì tutù, ẹ ó rí i tó fi ikùn lélẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣú, kò fẹ́ rìn. Bí oòrùn bá ti ń mú òkúta gbóná, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ara rẹ̀ á máa di búlúù dúdú. Nígbà tí orí yẹn bá wá pọ́n bí ọsàn tó gbó, á gbé àyà sókè, á máa mi orí sí àwọn akọ tó kù. Àsìkò yẹn ni ẹ fẹ́. Ẹ dojú bolẹ̀, kí ojú lẹ́ńsì àti ojú rẹ̀ wà ní ìpele kan náà. Ẹ má lọ bá a tààrà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ dúró, ẹ sún díẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi kámẹ́rà mú, kì í ṣe ara. Bó bá dákẹ́ orí mímì tó sì gbé gbogbo ara sókè lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti fẹ́ sá, ẹ dúró gbári. Ẹni tó bá ti lè ya alángbá láìlé e lọ ti mọ ohun tí yóò ṣe níwájú àgbọ̀nrín.

Láti oṣù kìíní, ẹ wá igi irúgbá tó bá ti tanná. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó rí róbótó, ó sì so kọ́ sórí ọ̀pá gígùn lábẹ́ ẹ̀ka. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ẹnu wọn gùn máa ń wá mu oje rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ mú òdòdó kan tó lọ sílẹ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ fi kámẹ́rà mú òdòdó náà kí ẹyẹ tó dé. Ẹ gbé ṣọ́tà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí ojú tó sì ń pa á dé, sí 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá ó kéré tán, kí ẹ dúró. Ẹyẹ náà á padà wá. Wọn kì í mu ún lẹ́ẹ̀kan fi sílẹ̀.

Ìjímèrè kò fẹ́ràn igbó dídí, ibi gbalasa ló máa ń rìn. Bí ẹ bá rí òkìtì ọ̀gán lójú ọ̀dàn, ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa, torí akọ ìjímèrè máa ń dúró síbi gíga láti ṣọ́ àwọn tó kù. Irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, eré rẹ̀ kò ní àfiwé láàárín àwọn ọ̀bọ. Ìwọ̀n ìgbà tí ẹ bá rí i dúró ni kí ẹ yà á. Ẹni tó bá lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Nígbà iná oko, ẹ̀wẹ̀, àwòdì máa ń fò yí èéfín ká, wọ́n ń gbá tata tó ń sá fún iná mú ní òfuurufú, lékeléke á sì máa rìn lórí eérú lẹ́yìn wọn. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sọ́dọ̀ iná, kí ọ̀nà àbájáde wà lẹ́yìn yín. 1/2000 ni ṣọ́tà fún àwòdì tó ń fò. Fún ẹranko tó dúró, 1/500 tó, kí ẹ má sì bẹ̀rù láti gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, dé 1600 tàbí 3200 ní ìdájí. Fún òkè, ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8 tàbí f/11, ISO 100, kámẹ́rà lórí sítáǹdì, kí ó ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà kí ọwọ́ yín má bàa mì ín.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò gbà kí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe: kí ó ran ọmọdé láti lé ẹranko jáde, kí ó ṣẹ́ ẹ̀ka tó bo ìtẹ́ ẹyẹ nítorí kí ó lè rí inú rẹ̀, kí ó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọ̀bọ. Ọ̀bọ tó bá ti mọ èèyàn mọ́ oúnjẹ, oko ló ń lọ lẹ́yìn náà, àgbẹ̀ á sì yìnbọn fún un.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ pàlàpálá òkúta, ilé ejò ni, oyin náà sì máa ń wà níbẹ̀. Ibi tí omi ti ń ṣàn lára àpáta tó dúdú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, bó ti wù kí ó jìnnà tó, ẹ ká sítáǹdì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Orí àpáta gbangba kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí de mànàmáná, ẹni tó ń ya òjò lè yà á láti ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá padà délé

Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ da àwòrán sí ibi méjì kí ẹ tó sùn. Ẹ kọ ibi, oṣù àti orúkọ ẹranko ní Yorùbá sí i nígbà tí ẹ ṣì rántí. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ẹyẹ, ẹ fi àwòrán hàn bàbá ọdẹ kí ẹ tó kúrò nílùú. Ẹ fọ díẹ̀ sórí pépà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ààfin, sí ẹ̀ṣọ́ àti sí ọdẹ tó bá yín rìn. Èyí tí mo fọ fún bàbá ọdẹ mi ní Ìgbẹ́tì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp, ẹ yọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ ti yà á kúrò. Fóònù máa ń kọ ọ́ pamọ́ sínú àwòrán láìsọ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà tó bá ní GPS. Ẹ wọ ètò inú kámẹ́rà fóònù, ẹ pa á kí ẹ tó kúrò nílé rárá. Ẹni tó ń pa ẹran tà náà ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kòtò omi tí ẹ bá júwe fún un, ibẹ̀ ni yóò lọ dẹ pàkúté sí. Lábẹ́ àwòrán ẹtu, ẹ kọ “Òkè-Ògùn” àti oṣù tí ẹ yà á. Ìyẹn tó.